Samuel Coleridge-Taylor

Samuel Coleridge-Taylor (ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1875 – ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1912) jẹ́ olùṣẹ̀dá orin, adarí ẹgbẹ́ akọrin àti olùkọ́ orin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ dókítà ọmọ Sierra Leone. Iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ni Hiawatha's Wedding Feast, orin gígùn fún ẹgbẹ́ akọrin, olóhùn tẹ́nọ̀ kan àti ọ̀kẹ́sítírà. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ orin náà ní gbangba ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí Coleridge-Taylor jẹ́ ẹni ọdún 23. Kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin káàkiri ilẹ̀ Britain àti Amẹ́ríkà fi gba orin náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dà ìwé rẹ̀ ni wọ́n tà, síbẹ̀ gíní 15 péré ni olùṣẹ̀dá rẹ̀ gbà lórí rẹ̀. Ó kú ní ẹni ọdún 37. Ipò tí ikú rẹ̀ fi ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn olùṣẹ̀dá orin ní Britain gbárùkù ti ẹ̀tọ́ wọn lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn.

Ìbí àti ìdílé rẹ̀

Àdúgbò Holborn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Coleridge-Taylor sí. Bàbá rẹ̀, Daniel Peter Hughes Taylor, wá láti Sierra Leone láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Krio, ìyẹn àwọn ìran ẹrú tí a dá sílẹ̀, tí wọ́n tẹ ìlú Freetown dó. Àwọn kan nínú baba ńlá àwọn Krio ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti erékùṣù Jamaica wá. Àwọn mìíràn sì jẹ́ àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lójú òkun. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Freetown fi ń pè wọ́n ní Aku, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn.

Dókítà Taylor ti padà sí Áfíríkà kí wọ́n tó bí ọmọ náà, àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí ìgbésí ayé rẹ̀ sì gbà pé kò mọ̀ pé òun ti fi oyún sílẹ̀. Ìyá ọmọ náà, Alice Hare Martin, kò tíì pé ẹni ogún ọdún nígbà náà, òun àti dókítà náà kò sì ṣe ìgbéyàwó. Ó fi orúkọ Samuel Taylor Coleridge, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti di olóògbé láti ọdún 1834, sọ ọmọ rẹ̀. Coleridge ni àwọn ará ilé máa ń pè é.

Ìlú Croydon, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni ó dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti bàbá ìyá rẹ̀, Benjamin Holmans. Holmans jẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ń kan irin mọ́ pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin. Owó kò pọ̀ nínú ilé wọn, ṣùgbọ́n baba àgbà yìí mọ fáyólìn ta. Òun ni ó fi fáyólìn lé ọmọ náà lọ́wọ́, tí ó sì kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé ọmọ náà ń gba ẹ̀kọ́ kíákíá, ìdílé náà wá olórin kan ní Croydon, Joseph Beckwith, láti máa kọ́ ọ lọ. Alice fẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ George Evans lẹ́yìn náà. Ó pẹ́ láyé púpọ̀: ọdún 1953 ni ó kú, lẹ́yìn ọdún 41 tí ó ti sin ọmọ rẹ̀.

Ọmọ aláwọ̀ dúdú kò wọ́pọ̀ ní Croydon nígbà náà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi àwọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì fún un ní orúkọ àbùkù tí ó jẹ mọ́ èédú.

Ẹ̀kọ́ orin

Coleridge-Taylor kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Presbyterian kan ní Croydon. Adarí ẹgbẹ́ akọrin náà, Ọ̀gágun Herbert Walters, rí ẹ̀bùn tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì di alátìlẹ́yìn rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ọkùnrin yìí ni ó jẹ́ kí ó wọ Royal College of Music, ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1890, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 15.

Fáyólìn ni ó bá lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1892 ó bọ́ sí ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá orin lábẹ́ Charles Villiers Stanford, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí orúkọ wọn ń ró jù lọ ní ilẹ̀ Britain. Àwọn bíi Gustav Holst, Ralph Vaughan Williams àti William Hurlstone jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀. Ní ọdún 1893 ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Stanford kì í fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó dúró ti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Wọ́n ròyìn pé ó gbọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó yé ẹni náà pé orin tí ó wà nínú ìka kan ṣoṣo lọ́wọ́ Coleridge-Taylor ju èyí tí ó wà ní gbogbo ara elébùú náà lọ.

Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé ó ti kúrò ní ipò akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni orin fún kílárínẹ́ẹ̀tì kan àti ohun èlò olókùn mẹ́rin, tí ó kọ ní ọdún 1895. Johannes Brahms, àgbà olùṣẹ̀dá orin Jámánì, ti kọ irú orin bẹ́ẹ̀ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Stanford sì ti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kò sí ẹni tí yóò kọ irú rẹ̀ mọ́ tí ojú ipasẹ̀ Brahms kò ní hàn nínú rẹ̀. Coleridge-Taylor kọ ọ́, ipasẹ̀ Brahms kò sì hàn. Antonín Dvořák, ọmọ ilẹ̀ Bohemia, ni ẹni tí ó fẹ́ràn jù, ìfẹ́ yìí sì hàn nínú orin rẹ̀ títí dé òpin.

Ọdún 1898

Ọdún 1898 ni ọdún tí ayé rẹ̀ yí padà. Àwọn aláṣẹ àjọ̀dún orin Three Choirs Festival ní ìlú Gloucester fẹ́ kí Edward Elgar kọ orin tuntun fún wọn. Ọwọ́ Elgar kún, ó sì dárúkọ Coleridge-Taylor dípò ara rẹ̀. August Jaeger, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé orin Novello, ni ó ti ń ròyìn ọ̀dọ́mọkùnrin náà fún Elgar. Orin tí ó kọ fún wọn, Ballade ní kókó A kékeré, di orin tí gbogbo ènìyàn gbóríyìn fún nígbà tí wọ́n ta á ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, Stanford darí Hiawatha's Wedding Feast fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Royal College of Music. Novello ti tẹ ìwé orin náà kí ọjọ́ yìí tó dé, àwọn ènìyàn sì ti ń rà á, nítorí náà gbọ̀ngàn kún. Arthur Sullivan, olùṣẹ̀dá orin tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àsìkò yẹn, wà níbẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Hubert Parry, tí ó jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ka alẹ́ ọjọ́ yẹn sí ọ̀kan nínú àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó jọni lójú jù nínú ìtàn orin Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà rẹ̀.

Hiawatha's Wedding Feast

Ìtàn inú orin náà

Ọ̀rọ̀ orin náà wá láti inú The Song of Hiawatha, ewì gígùn tí Henry Wadsworth Longfellow, akéwì ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1855. Longfellow kó ìtàn àwọn Ojibwe, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, jọ láti inú ìwé àwọn tí wọ́n ṣàkójọ wọn, ó sì hun wọ́n pọ̀ mọ́ akọni kan tí ó ń jẹ́ Hiawatha.

Orin náà dá lórí ọjọ́ ìgbéyàwó Hiawatha àti Minnehaha. Nokomis, ìyá àgbà Hiawatha, ti se àsè. Ó kó àwo onígi tí a gbẹ́ tí a sì dán àti ṣíbí tí a fi ìwo ẹfọ̀n ṣe kalẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe gbogbo abúlé. Àwọn àlejò dé nínú aṣọ iyì wọn. Wọ́n jẹ ẹja, wọ́n jẹ ẹran, ṣùgbọ́n ọkọ, ìyàwó àti Nokomis kò fi nǹkan kan ẹnu. Àlejò ni wọ́n dúró tì tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún.

Lẹ́yìn oúnjẹ, eré bẹ̀rẹ̀. Pau-Puk-Keewis, afínjú ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ ijó jó, dìde. Ó kọ́kọ́ ń jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárín àwọn igi, ijó náà ń yára, títí ó fi ń yípo bí ìjì, tí iyanrìn etí adágún fi ru sókè tí ó sì di òkìtì. Chibiabos, ọ̀rẹ́ Hiawatha, kọ orin ìfẹ́. Ní ìkẹyìn ni wọ́n ní kí Iagoo, arúgbó onírọ́ tí kò sí ohun tí ẹlòmíràn ṣe rí tí òun kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, wá pa ìtàn. Orin náà parí láìjẹ́ pé a gbọ́ ìtàn tí ó pa, nítorí apá mìíràn nínú ewì Longfellow ni ìtàn náà wà.

Bí orin náà ṣe rí

Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni orin náà ń gbà, kò sì sí ìdádúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀kẹ́sítírà ni ó kọ́kọ́ gbé ohùn kúkúrú kan kalẹ̀, ohùn tí ó rọrùn láti rántí, tí ó sì ń padà wá ní oríṣiríṣi ọ̀nà bí orin ti ń lọ. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ akọrin wọlé, àwọn ni wọ́n sì ń sọ ìtàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èyí yàtọ̀ sí àṣà ìgbà náà. Nínú ọ̀pọ̀ orin gígùn tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ, àwọn olóhùn àdákọ ni wọ́n ń gba iṣẹ́ tí ó dùn jù, tí ẹgbẹ́ á sì máa gbè é. Níbí, àwọn ènìyàn lásán tí wọ́n ń kọrin lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ni ìtàn náà, ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ewì Longfellow le láti fi kọrin. Ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní sílébù mẹ́jọ, a sì máa ń tẹnu mọ́ sílébù àkọ́kọ́, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà bá ń dún báyìí láìyí padà, ó lè mú etí sú. Coleridge-Taylor kò bá ìlù ewì náà jà; ó jẹ́ kí ó gbé orin náà lọ bí ìlù ti ń gbé oníjó. Ohun tí ó ń yí padà ni gbogbo ohun tí ó yí ìlù náà ká. Gbólóhùn orin kan lè padà wá ní kókó mìíràn, kí ó bọ́ lọ́wọ́ ohùn obìnrin sí ti ọkùnrin, tàbí kí fèrè gbà á lọ́wọ́ okùn. Olùgbọ́ á mọ̀ pé òun ti gbọ́ ohùn náà rí, síbẹ̀ á máa rò pé nǹkan tuntun ni.

Ijó Pau-Puk-Keewis ni ibi tí ọgbọ́n yìí ti hàn jù lọ. Ohùn àwọn akọrin àti ọ̀kẹ́sítírà jọ ń yára, ariwo ń pọ̀ sí i bí ijó náà ti ń gbóná. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀ ni tẹ́nọ̀ wá dá kọ orin Chibiabos, tí àwọn olórin mọ̀ sí Onaway. Òun ni orin àdákọ kan ṣoṣo nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Nítorí pé olùgbọ́ ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ohùn fún ìgbà pípẹ́, ohùn ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń pe olùfẹ́ rẹ̀ máa ń wọni lára púpọ̀. Àwọn tẹ́nọ̀ ńláńlá ti kọ orin yìí lọ́tọ̀ nínú ìpàtẹ orin, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò gbọ́ gbogbo Hiawatha rí sì mọ̀ ọ́n.

Apá kejì àti apá kẹta

Ìtẹ́wọ́gbà orin yìí mú kí Coleridge-Taylor tẹ̀ síwájú nínú ìtàn náà. The Death of Minnehaha jáde ní ọdún 1899. Ìyàn mú nínú rẹ̀, òtútù sì mú, ìyàwó tí a sin ní apá kìn-ín-ní sì kú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ orin gbà pé apá yìí jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí òkìkí rẹ̀ kò tilẹ̀ tó tirẹ̀. Apá kẹta, Hiawatha's Departure, parí ìtàn náà, wọ́n sì kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní gbọ̀ngàn Royal Albert Hall ní oṣù Kẹta ọdún 1900. Ó tún kọ orin ìṣíde kan fún ọ̀kẹ́sítírà tí ó fi ohùn orin ẹ̀mí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan sí nínú.

Gíní 15

Nígbà tí Coleridge-Taylor gbé Hiawatha's Wedding Feast lọ sí ilé-iṣẹ́ Novello, ó ta iṣẹ́ náà pátápátá ní gíní 15, ìyẹn pọ́n-ùn 15 àti ṣílè 15. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nígbà náà: olùṣẹ̀dá orin á gba owó lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀tọ́ á sì di ti onítẹ̀wé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní bàbá tí yóò ràn án lọ́wọ́, tí orúkọ rẹ̀ kò sì tíì dé ibì kan, kò lè dúró de owó ọjọ́ iwájú.

Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé orin náà yóò di ọ̀kan nínú èyí tí ó tà jù ní ilẹ̀ Britain. Ẹgbẹ́ akọrin tí ó ní igba ọmọ ẹgbẹ́ yóò ra igba ìwé, ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní gbogbo ìlú. Nínú gbogbo owó yìí, kò sí èyí tí ó padà sí ọwọ́ olùṣẹ̀dá. Kò sì sí ètò kankan ní Britain nígbà náà tí yóò máa gba owó fún un ní ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá kọ orin rẹ̀ ní gbangba.

Nítorí náà, iṣẹ́ ni ó ń fi ojoojúmọ́ ṣe. Ó kọ́ni ní Trinity College of Music àti ní Guildhall School of Music. Ó darí Handel Society ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1904 títí ó fi kú, ó tún ń darí àwọn ẹgbẹ́ akọrin àti ọ̀kẹ́sítírà mìíràn. Ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin kiri láti ṣe adájọ́ níbi ìdíje orin, pàápàá ní ilẹ̀ Wales. Ó kọ orin fún eré orí ìtàgé Herbert Beerbohm Tree ní ilé eré His Majesty's. Láàárín gbogbo èyí ni ó ti ń wá àyè kọ orin tirẹ̀.

Ìgbéyàwó rẹ̀

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1899, Coleridge-Taylor fẹ́ Jessie Walmisley, òyìnbó tí wọ́n jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Royal College of Music. Àwọn òbí Jessie tako ìgbéyàwó náà gidigidi nítorí àwọ̀ ọkọ, ṣùgbọ́n Jessie kò yẹsẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Èyí ọkùnrin, tí wọ́n bí ní ọdún 1900, ni wọ́n sọ ní Hiawatha. Èyí obìnrin, Gwendolen, tí wọ́n bí ní ọdún 1903, ni ó wá di Avril Coleridge-Taylor, olùṣẹ̀dá orin àti adarí ọ̀kẹ́sítírà. Òun ni ó kọ ìwé ìtàn nípa bàbá rẹ̀, ó sì rántí nínú rẹ̀ pé bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń pariwo ẹ̀gàn lé wọn lójú ọ̀nà, bàbá òun máa ń di ọwọ́ òun mú gírígírí.

Áfíríkà nínú iṣẹ́ rẹ̀

Coleridge-Taylor kò fi ojú kan Áfíríkà rí, kò sì bá bàbá rẹ̀ gbé. Ìmọ̀ rẹ̀ nípa ìran bàbá rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó bá pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù. Frederick Loudin, tí ó kó àwọn akọrin Fisk Jubilee Singers wá láti Amẹ́ríkà, ni ó jẹ́ kí ó mọ orin ẹ̀mí àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú níbẹ̀. Ní ọdún 1897 ó pàdé Paul Laurence Dunbar, akéwì aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì jọ ṣe ìpàtẹ ewì àti orin. Ó fi ewì Dunbar ṣe African Romances.

Ní oṣù Keje ọdún 1900, Henry Sylvester Williams, agbẹjọ́rò ọmọ Trinidad, pe Àpéjọ àkọ́kọ́ ti gbogbo ìran Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù. Coleridge-Taylor wà nínú àwọn aṣojú, òun ni ó sì bójú tó orin ibẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé W. E. B. Du Bois, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, tí ó kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní ọdún 1905, ilé-iṣẹ́ Oliver Ditson ní ìlú Boston tẹ Twenty-Four Negro Melodies jáde, àkójọ orin píánò tí Booker T. Washington kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí. Èrò Coleridge-Taylor ni láti ṣe fún orin ìran rẹ̀ ohun tí Brahms ṣe fún orin àwọn ará Hungary, tí Dvořák ṣe fún ti Bohemia, tí Edvard Grieg sì ṣe fún ti Norway. Nínú àkójọ náà, orin Yorùbá kan wà tí ó pè ní Oloba. Ọwọ́ Ìyáàfin Victoria Randle, ìyàwó Dókítà John Randle ti Èkó, ni ó ti rí i gbà. Victoria yìí jẹ́ ọmọ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ní Èkó, àti Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tí ogun Dahomey kó lẹ́rú ní kékeré, tí Ọbabìnrin Victoria sì wá gbà tọ́. Báyìí ni orin Yorùbá kan ṣe wọ inú ìwé orin píánò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, láti ẹnu obìnrin Èkó kan dé ọwọ́ ọmọ Croydon.

Ìrìn-àjò sí Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1901, àwọn akọrin aláwọ̀ dúdú ní Washington dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Coleridge-Taylor pè é. Ìdí ẹgbẹ́ náà ni láti kọ Hiawatha kí olùṣẹ̀dá rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì wá darí wọn. Ó dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1904. Nǹkan bí igba akọrin ni ó dúró níwájú rẹ̀, àwọn eléré ológun ti Marine Band sì ń ta ohun èlò, pẹ̀lú Harry T. Burleigh nínú àwọn olóhùn àdákọ. Ààrẹ Theodore Roosevelt gbà á lálejò ní ilé ìjọba.

Fún àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ìbẹ̀wò yìí ju ọ̀rọ̀ orin lọ. Wọ́n wà lábẹ́ òfin ìyàsọ́tọ̀ nígbà náà, wọ́n sì rí ẹni tí ó jọ wọ́n tí ó dúró lórí pèpéle tí òyìnbó àti ènìyàn dúdú ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀. Ó padà lọ ní ọdún 1906 àti ọdún 1910. Ní ìgbà kẹta yìí ó darí níbi àjọ̀dún orin ní ìlú Norfolk, ìpínlẹ̀ Connecticut, èyí tí ó yọrí sí kọnsáátò fáyólìn tí ó kọ fún Maud Powell.

Ikú rẹ̀

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1912, Coleridge-Taylor ṣubú lulẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin West Croydon níbi tí ó ti ń dúró de ọkọ̀. Ó dé ilé, ṣùgbọ́n òtútù àyà ti wọ̀ ọ́ lára, iṣẹ́ àṣekúdórógbó sì ti tán agbára rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Ibi ìsìnkú Bandon Hill ní Wallington ni wọ́n sin ín sí. Ìlà orin kan láti inú Hiawatha wà lára òkúta ibojì rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí akéwì Alfred Noyes kọ ní ìrántí rẹ̀.

Kò fi owó púpọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn mọ̀ pé gíní 15 ni ẹni tí ó kọ Hiawatha gbà, inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n ṣe ìpàtẹ orin ìrántí ní Royal Albert Hall láti fi kó owó jọ fún ìdílé rẹ̀. Ọba George V sì fún Jessie ní owó ìfẹ̀yìntì pọ́n-ùn 100 lọ́dọọdún.

Ní ọdún 1914, wọ́n dá Performing Right Society sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba owó fún àwọn olùṣẹ̀dá orin nígbàkúùgbà tí a bá lo orin wọn ní gbangba. Ọ̀rọ̀ Coleridge-Taylor wà lára àwọn àpẹẹrẹ tí wọ́n fi hàn pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọn dandan.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Òkìkí Hiawatha tún ga sí i lẹ́yìn ikú olùṣẹ̀dá rẹ̀. Láti ọdún 1924 títí di ọdún 1939, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é bí eré ní Royal Albert Hall, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún akọrin tí wọ́n wọ aṣọ bí àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Malcolm Sargent ni ó darí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn èrò máa ń wá láti gbogbo ilẹ̀ Britain.

Ogun Àgbáyé Kejì fi òpin sí èyí, orin náà kò sì padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Adùn ewì Longfellow ti dínkù létí àwọn ènìyàn, àwọn ẹgbẹ́ akọrin ńlá ti kéré sí i, àwọn kan sì ń bèèrè bóyá ó tọ́ kí àwọn àjèjì máa fi ìtàn àti aṣọ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣeré. Ìbéèrè yìí kan Longfellow àti àwọn eré Royal Albert Hall gan-an. Ní ti Coleridge-Taylor, àwọn kan tọ́ka sí i pé ọmọ tí àwọn ẹlòmíràn ń wò bí àjèjì ní ìlú ìbí rẹ̀ ni ó fi ìtàn ìran tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọ orin, tí kò sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà nínú ohùn rẹ̀.

Láti òpin ọ̀rúndún ogún ni àwọn olórin ti tún ń padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Orin kílárínẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kọnsáátò fáyólìn rẹ̀ àti Ballade rẹ̀ ti wà nínú àwo orin. Ọ̀kẹ́sítírà Chineke!, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn eléré rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti ẹ̀yà mìíràn, máa ń ta orin rẹ̀. Thelma, eré olórin rẹ̀ tí àwọn ènìyàn rò pé ó ti sọnù, ni wọ́n rí nínú ilé ìkówèésí British Library, tí wọ́n sì ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Croydon ní ọdún 2012, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ sì ni olùṣẹ̀dá orin Coleridge-Taylor Perkinson (1932–2004) ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Díẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀

- Orin fún kílárínẹ́ẹ̀tì àti ohun èlò olókùn mẹ́rin (1895)
- African Romances, orin àdákọ lórí ewì Dunbar (1897)
- Ballade ní kókó A kékeré, fún ọ̀kẹ́sítírà (1898)
- Hiawatha's Wedding Feast (1898)
- The Death of Minnehaha (1899)
- Hiawatha's Departure (1900)
- Toussaint l'Ouverture, orin ìṣíde fún ọ̀kẹ́sítírà (1901)
- Twenty-Four Negro Melodies, fún píánò (1905)
- Symphonic Variations on an African Air, fún ọ̀kẹ́sítírà (1906)
- Petite Suite de Concert, fún ọ̀kẹ́sítírà (1911)
- A Tale of Old Japan, fún ẹgbẹ́ akọrin, lórí ewì Alfred Noyes (1911)
- Kọnsáátò fún fáyólìn (1912)